Oníbodè Tó Dé Adé

Ní gbogbo ilé ìwòsàn wa, yàrá kan ṣoṣo ló wà tí òfin ti pa á láṣẹ pé kí ọkọ dákẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Yàrá náà wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn. Bí o bá gbọ́ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń kùn lápá òsì, tí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ sí ọ lọ́rùn lápá ọ̀tún, o ti débẹ̀ nìyẹn. Àwa tí à ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn la wà níbẹ̀. A kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara wa á rò pé àwa gan-an là ń wo àwọn aláìsàn sàn.

Ọ̀gá wa àtijọ́, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi òfin náà lélẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kọ fáìlì kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn ni yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa kà á sókè ní ìlà-ìlà. Ẹni tó kọ ọ́ yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, yóò kó ọwọ́ sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu títí tí kíkà yóò fi parí. "Bí ẹ bá jẹ́ kó máa ṣàlàyé," ni ọ̀gá àtijọ́ máa ń wí, "àlàyé rẹ̀ lẹ óo gbọ́, ẹ kò ní gbọ́ ohun tó kọ."

Òfin tó dára ni. Ohun tí kò rò nígbà tó ṣe é ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tó ń kọ àti ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò jọ máa sùn lórí ibùsùn kan náà.

Ọkọ ni à ń pè ní Kòsáṣìṣe. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń wo ìlà fáìlì kí a tó lò ó. Bí kò bá rí nǹkan kan, á kọ ọ́ síta pé kò sí àṣìṣe. Ẹlòmíràn á kà á, á sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ti bàbá yìí kọ́. Yóò dìde, yóò na ẹ̀wù rẹ̀ gún, yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Kò sí àṣìṣe." Àwọn tó ń ti aláìsàn kọjá lórí kẹ̀kẹ́ á dáhùn pé àmín. Nígbà tó yá àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Kòsáṣìṣe, wọ́n rò pé ara á ta á. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó lọ kọ orúkọ náà sára ife tíì rẹ̀.

Ìyàwó ni à ń pè ní Abẹ́rẹ́, nítorí kò sí aṣọ tí kò lè gún. Kò tíì yẹ fáìlì kankan wò rí kó má rí nǹkan sọ sí i. Bí kò bá sí àṣìṣe, á ní àlàfo inú ìlà yìí ti fẹ̀ jù, tàbí pé èyí tọ̀nà lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò wu òun. Ó máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sínú, á wá ní, "Ẹ wò ó." Àwa tí a mọ̀ ọ́n, bí a bá ti gbọ́ "Ẹ wò ó" yẹn, a ti mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ tún iṣẹ́ ṣe. Láàárín ara wọn, Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ara wọn, nílé àti lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ìbejì náà wà nílé ẹ̀kọ́, ipò kìíní ni wọ́n jọ máa ń jà sí, ẹni tó bá sì ṣe ipò kejì kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́.

Fáìlì tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí, oníbodè ni. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn wa, tó tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹnu ọ̀nà oníbodè yìí ló dúró sí. Inú fáìlì la ti kọ́ oníbodè ní ohun tí yóò ṣe. Bí dókítà bá dé, kó lọ wádìí bóyá òun ni lóòótọ́, kó sì jẹ́ kó rí ìwé àwọn aláìsàn rẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná bá dé, kó jẹ́ kó rí ohun tí aláìsàn lè jẹ, kó má ṣe jẹ́ kó rí ohun tó ń ṣe aláìsàn. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ló wá wí pé: ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá dé, kọ̀ ọ́. Ìlà kúkúrú ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ilẹ̀kùn. Àwọn ìlà tó ṣáájú rẹ̀, àwọn tí a ó ṣí i fún ni wọ́n ń kà. Oníbodè wa sì ní ìwà kan tí kò yẹ kéèyàn gbàgbé: ẹni tí wọn kò bá ní kó kọ̀, kì í kọ̀ ọ́.

Tuntun ni Kòsáṣìṣe kọ fáìlì náà, nítorí ilé alájà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kún ilé ìwòsàn. Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni wọ́n fẹ́ ṣí ilé ọ̀hún. Dókítà Àgbà, obìnrin tó jẹ́ olórí gbogbo wa, ni yóò kọ́kọ́ gba ọwọ́ oníbodè tuntun wọlé níṣojú àwọn àlejò. Lẹ́yìn náà ni yóò pe orúkọ ẹni tí yóò jẹ ọ̀gá yàrá wa. Láti ìgbà tí ọ̀gá àtijọ́ ti lọ ni àga rẹ̀ ti ṣófo. Kòsáṣìṣe ló ń nu eruku àga náà láràárọ̀, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́.

Ó fẹ́ àga yẹn. Kò fi pamọ́. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, ìyá sì ti sọ fún àdúgbò, àdúgbò sì ti ń kí i kú oríire. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Pátákó funfun kan wà lára ògiri wa, níbi tí à ń kọ orúkọ ẹni tó kọ fáìlì sí, orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, àti ohun tó rí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kà á, Dókítà Àgbà pàápàá. Àwọn ohun kéékèèké tí Abẹ́rẹ́ máa ń rí, àkíyèsí là ń pè wọ́n. Àṣìṣe yàtọ̀. Kò sí àṣìṣe kankan níwájú orúkọ Kòsáṣìṣe rí. Bí ọ̀kan bá wá wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àga lọ nìyẹn, ojú ìyá rẹ̀ á sì wálẹ̀ láàárín ẹgbẹ́.

Ìyá ọ̀hún kò dúró de ọ̀sán. Àárọ̀ ló ti dé, nínú aṣọ tó le gbagidi, tòun ti báàgì tó bá bàtà mu, ó sì ń pín súìtì fún wa bí ẹni pé àwa la ń ṣe ọjọ́ ìbí.

"Níbo ni àga náà wà?" Òun ló kọ́kọ́ bi wá.

A nawọ́ sí i. Ó lọ jókòó lé e, ó fi ara mì lórí rẹ̀ díẹ̀.

"Ó le," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní ìdí tó lè jókòó lé e."

"Màmá, wọn ò tíì pe orúkọ," ni Abẹ́rẹ́ wí fún un.

"Wọn ò tíì pè é, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi, ìwọ lo fẹ́ yẹ iṣẹ́ ọkọ rẹ wò?"

"Èmi ni, mà."

"Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kí àwọn èèyàn má lọ ní o ṣojúsàájú."

Àwa tó kù wo ojú ara wa. Ẹni tó bá lè ní Abẹ́rẹ́ ṣojúsàájú fún ọkọ rẹ̀, kò tíì gbọ́ ohun tó sọ nípa bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń gbé ọkọ̀ síbi ìgbọ́kọ̀sí.

Kòsáṣìṣe jẹ́ kí ètò ayẹ̀wò wo fáìlì. Ètò náà ní kò sí àṣìṣe. Ó dìde, ó na ẹ̀wù rẹ̀ gún, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì kéde fún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì pa ẹnu dé, bí òfin ti wí.

"Ṣé ẹ rí i, Màmá," ni ọ̀kan nínú wa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ìyá létí, "ibí nìkan ni nǹkan yìí ti ń ṣẹlẹ̀."

"Mo rí i," ni ìyá dá a lóhùn. "Bàbá rẹ̀ náà ì bá ti ṣiṣẹ́ níbí."

Abẹ́rẹ́ kà. Ó ka ti àwọn dókítà, ó ka ti àwọn nọ́ọ̀sì, ti ilé oògùn, ti ilé ìdáná. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan á dúró, á fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, á sì máa wá ìdí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Kò rí nǹkan kan. Àlàfo kò fẹ̀ jù. Àmì kò sọnù. Nígbà tó ka ìlà tó kẹ́yìn, "ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá dé, kọ̀ ọ́," a rí i pé inú rẹ̀ kò dùn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ibi fún ọkọ rẹ̀ o. Iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀sí ló jẹ́ fún un. Ó mú gègé tí a fi ń kọ pátákó, ó ṣí ìdérí rẹ̀, kò sì tíì dìde.

Lẹ́yìn rẹ̀, Kòsáṣìṣe ti ń wú bí búrẹ́dì nínú ààrò. Kíkà kò tíì parí títí tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi kọ ohun tó rí sí pátákó, nítorí náà kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó kù lára rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló wá béèrè. Ó ti sún àga mọ́ wọn, ó ti fi awò sójú.

"Ìyàwó mi, kí ni gbogbo èyí tí o fò?"

"Èwo, mà?"

"Èyí tó wà láàárín. Mo ń wo ìka rẹ. O kà díẹ̀, o fò púpọ̀."

Òótọ́ ni. Ìlà tí wọ́n bá fi àmì háàṣì (#) bẹ̀rẹ̀, èèyàn la kọ ọ́ fún. Kọ̀ǹpútà kì í kà á, àwa náà kì í kà á nígbà ayẹ̀wò. Ẹlòmíràn máa ń lo irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti fi sọ ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe, ní ṣókí. Kòsáṣìṣe ń fi í kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ìbejì kọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni, Màmá. Kò sí nínú iṣẹ́."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni, o sì ní kò sí nínú iṣẹ́? Kà á fún mi."

Abẹ́rẹ́ yíjú wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí pé kó kà á, bí ọba tó ń gbà fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n wá kí òun. Abẹ́rẹ́ padà sí òkè fáìlì.

"'Ẹ̀yin tí ẹ óo ka fáìlì yìí lẹ́yìn ọ̀la, ẹ rọra. Ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ̀n.'"

"Kò gbọ̀n," ni ìyá wí.

"'Ìlà àwọn nọ́ọ̀sì nìyí. Ó dà bíi pé ó rọrùn. Kò rọrùn. Èmi ni mo mú kó rọrùn.'"

"Tún ìyẹn kà."

Ó tún un kà. Ẹni tó jókòó nídìí fèrèsé fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"'Bí o bá rí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ, jókòó, mu omi, kí o tún un wò.'"

"Ọgbọ́n nìyẹn," ni ìyá wí. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò kọ irú rẹ̀ sí mi rí."

Báyìí ni wọ́n ń bọ̀ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀, ní òkè ìlà tó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti dákẹ́.

"Kí ló dé?" ni ìyá bi í.

"Àwòrán ló wà níbí, Màmá. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á."

Kòsáṣìṣe gbàgbé pé ó yẹ kí ọwọ́ wà lẹ́yìn. Ó gbé méjèèjì sókè, ó fi yí orí rẹ̀ ká.

"Adé," ni ìyá rẹ̀ wí, inú rẹ̀ sì dùn dé ẹsẹ̀. "Adé ló yà síbẹ̀."

Adé ni lóòótọ́. Nínú fáìlì àtijọ́, ìràwọ̀ ni Kòsáṣìṣe máa ń tò yí orúkọ rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n fún fáìlì tí yóò gbé e dórí àga, ìràwọ̀ kò tó. Ó mú àmì igi tó dà síwájú (/), ó mú àmì igi tó dà sẹ́yìn (\), ó sì fi wọ́n ti ara wọn, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, títí wọ́n fi ṣe ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín adé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀. Orí ìlà tó kẹ́yìn ló gbé e lé, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ti ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà, ìlà yẹn ni ọba àwọn ìlà.

Abẹ́rẹ́ fi ìka tọ eyín adé náà láti apá òsì. Igi dà síwájú, igi dà sẹ́yìn. Igi dà síwájú, igi dà sẹ́yìn. Ìka rẹ̀ dé èyí tó kẹ́yìn, ó sì dúró síbẹ̀. A ń retí "Ẹ wò ó." Kò wá. Kò rẹ́rìn-ín sínú pẹ̀lú. Ojú rẹ̀ kàn rí bí ojú ẹni tó gbọ́ pé omi ń ṣàn nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Ní èdè tí a fi kọ fáìlì yìí, igi tó bá dà sẹ́yìn ní ìparí ìlà ní ohun tó ń sọ. Ó ń sọ pé: mi ò tíì parí, ìlà tó ń bọ̀ yìí, ara mi ni. Ìlà adé sì ni ìlà tí kọ̀ǹpútà kì í kà. Nítorí náà adé ti na ọwọ́, ó ti fa ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ra, kọ̀ǹpútà sì fo méjèèjì pọ̀. "Ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá dé, kọ̀ ọ́": a ti kà á sókè, gbogbo wa la gbọ́ ọ, kò sì sí nínú fáìlì. Ọba àwọn ìlà ti kú sábẹ́ adé rẹ̀.

Ètò ayẹ̀wò kò parọ́. Bóyá ìlà wọ bàtà tó bára mu ló ń wò; ibi tí ìlà ń lọ kò kàn án, yíya adé kì í sì í ṣe àṣìṣe. Kòsáṣìṣe náà ti dán oníbodè wò kó tó gbé e wá. Ó fi orúkọ dókítà wọlé, ó fi ti nọ́ọ̀sì wọlé, ó fi tirẹ̀ wọlé léraléra, oníbodè sì ń kí gbogbo wọn káàbọ̀. Ẹni tó kọ́ ilé tó rẹwà, àwọn ọ̀rẹ́ ló ń pè wá wò ó. Ta ló ń ránṣẹ́ pe olè?

"Màmá," ni Abẹ́rẹ́ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bó ti máa ń rí lọ, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ kọ̀ǹpútà kejì yìí."

Kọ̀ǹpútà tí a fi ń dán nǹkan wò ni. Orúkọ àwọn aláìsàn tí kò sí láyé ló wà nínú rẹ̀. Fáìlì tuntun ti wà lórí rẹ̀.

"Èmi? Kí ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ tẹ ohunkóhun tó bá wù yín síbí. Lẹ́yìn náà, ẹ tún tẹ ohunkóhun síbí, níbi páásíwọ́ọ̀dù."

Ìyá na ìka kan, ó tẹ MAMA sí ibi orúkọ, ó wá bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi páásíwọ́ọ̀dù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. Oníbodè rò ó díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ káàbọ̀," ó sì ṣí ìwé gbogbo àwọn aláìsàn sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ó mọ̀ mí," ni ìyá wí. Ó yọ awò, ó nu ojú, ó tún fi í sójú. "Ó ti kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ó kọ ìyá rẹ̀ sínú iṣẹ́ ìjọba, kò sì sọ fún mi." Ó yí sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nítorí ojú ayé, ẹ̀rín náà wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti kúrò ní ojú. Ó mọ̀ pé òun kò kọ orúkọ ìyá òun sí ibì kankan. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ìka ìyàwó rẹ̀ tí kò tíì kúrò lórí eyín adé tó kẹ́yìn, gbogbo wíwú tó ti wú láti àárọ̀ sì rọra ń jò lára rẹ̀.

Ìyá ń sọ fún wa pé kí a wá wo ibi tí wọ́n ti kí òun. Bó ti ń pè wá, Kòsáṣìṣe tẹ̀ ba létí ìyàwó rẹ̀, ó sì rú òfin ọ̀gá àtijọ́.

"Ìyá Ìbejì. Igi kan péré ni. Jẹ́ kí n yọ ọ́. Ta ló mọ̀?"

"Màmá mọ̀."

"Màmá ò mọ nǹkan kan."

"Bàbá Ìbejì, Màmá ti wọlé. Ẹni tó ti wọlé, kí ló tún kù tí kò mọ̀?"

Abẹ́rẹ́ kò dìde lọ sídìí pátákó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló yẹ kó kọ ọ́. Ó na gègé sí ọkọ rẹ̀.

"Ọwọ́ yín kì í gbọ̀n," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ fúnra yín."

Mo ti rí i tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí àlàfo, lórí àmì, lórí ẹni tó jẹ́ kí tíì tutù. Mi ò tíì rí i kí ọ̀kan nínú wọn na nǹkan sí ìkejì bẹ́ẹ̀ rí. Ó gba gègé. Ó rìn lọ sídìí pátákó, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyàwó rẹ̀. Níwájú wọn ló kọ: àṣìṣe. Kódà ó fi ọnà díẹ̀ sí ìrù rẹ̀. Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀.

Bó ti ń fi àmì tó kẹ́yìn sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni Dókítà Àgbà wọlé.

"Mo ní kí n wá wò bóyá ẹ ti ṣetán." Ó ka pátákó. Ó tún un kà. "Kòsáṣìṣe, kí lo kọ síbẹ̀?"

"Àṣìṣe ni, mà. Tèmi ni."

"Màmá wo ló jókòó ti ìwé àwọn aláìsàn yìí?"

"Ìyá mi ni, mà. Àwọn aláìsàn yẹn, irọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ká ní a gbé fáìlì náà lọ báyìí, àwọn gidi ni ìyá mi ì bá rí. Òun àti ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù."

Dókítà Àgbà fà sẹ́yìn díẹ̀, ó fara ti ògiri. Ìyá náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó wo "Ẹ káàbọ̀" tó wà níwájú rẹ̀, ó sì yọ ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó rí i pé orí aṣọ ẹlòmíràn lòun jókòó sí.

"Ta ló rí i?" ni Dókítà Àgbà béèrè.

"Ìyàwó mi," ni Kòsáṣìṣe wí.

"Èmi ni mo wọlé," ni ìyá fi kún un, nítorí ó rí i pé wọ́n fẹ́ gbàgbé òun.

Wọ́n jẹ́ kí Kòsáṣìṣe tún un ṣe. Ó jókòó, ó pa adé náà rẹ́ pátápátá, kì í ṣe igi kan péré. Ohun gbogbo tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ nínú fáìlì ló pa rẹ́, títí kan ti àwọn nọ́ọ̀sì tí òun mú kó rọrùn. Abẹ́rẹ́ tún un kà láti òkè délẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì dúró sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, ẹnu pípadé. Kò pẹ́ rárá. Fáìlì náà ti rù.

"Màmá," ni Abẹ́rẹ́ wí, "ẹ tún un tẹ̀."

Ìyá tẹ MAMA. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. Oníbodè rò ó díẹ̀, ó wá ní: "A kò gbà yín wọlé."

"Èmi?" ni ìyá wí.

"Ẹ̀yin, Màmá."

"Èmi tí mo bí i?"

"Ẹ̀yin gan-an, mà."

A ń retí ìbínú. Ìyá wo ọ̀rọ̀ náà títí. Ó wá yí àga ọ̀gá tó jókòó lé sọ́dọ̀ Dókítà Àgbà, ó gbé orí sókè.

"Ẹ rí i? Bó bá ti dé ẹnu iṣẹ́, kò mọ ìyá. Irú ọmọ tí mo bí nìyẹn."

Dókítà Àgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kòsáṣìṣe," ló wí, "mi ò ní tàn ọ́. Orúkọ rẹ ló wà lọ́wọ́ mi lónìí. Kí ni kí n wá ṣe sí i báyìí?"

Kòsáṣìṣe wo àga, ó wo ìyá rẹ̀ tó wà lórí àga. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ pe Ìyá Ìbejì, mà," ló wí. "Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé. Òun ló mọ ibi tí olè ń gbà wọ ọ́." Ó na ẹ̀wù rẹ̀ gún. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un pé ìyàwó mi ni."

"Wọ́n á fi kún un," ni ìyá rẹ̀ wí, kó tó di pé Dókítà Àgbà lanu. "Ìyàwó wa ni. Àga ò kúrò nílé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pè é lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, níwájú àwọn àlejò, tí Kòsáṣìṣe sì pàtẹ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi rò pé òun ni wọ́n pè. Òun náà ló lọ sọ fún àdúgbò pé ilé àwọn ni wọ́n ti mú ọ̀gá, pé ta sì ni wọ́n rò pé ó kọ́ obìnrin yẹn láti máa rí àṣìṣe bí kò ṣe ẹni tó ti ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ ọ látọjọ́ yìí. Abẹ́rẹ́ gbọ́. Ó ní, "Ẹ wò ó." Kò sọ ohun mìíràn. Adé tí Kòsáṣìṣe pa rẹ́ nínú fáìlì, ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó ti há a sínú gíláàsì, ó wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Ìyàwó rẹ̀ gbà á láyè. Ó ní níbẹ̀, kò sí ìlà kankan lábẹ́ rẹ̀ tó lè gbé mì.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá tuntun fi kún ti àtijọ́. Kò sí fáìlì oníbodè tí yóò jáde kúrò ní yàrá wa àfi bó bá ti kọ̀ láti jẹ́ kí Màmá wọlé. Bí a bá ti parí kíkà, a ó ránṣẹ́ sí i. Yóò dé nínú aṣọ tó le gbagidi, tòun ti báàgì tó bá bàtà mu, yóò pín súìtì, yóò na ìka kan, yóò tẹ orúkọ rẹ̀, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. Bí oníbodè bá ti lé e padà, yóò dìde, yóò tún ìró rẹ̀ ró, yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò sì kéde fún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Kò sí àṣìṣe."